Ẹnu Tó Kọ́kọ́ Kan Ọtí

Ọtí ni mo fi tọ́ Rebecca. Mi ò ní torí pé ó rí akọ̀wé fẹ́ kí n wá máa sọ pé aṣọ ni mò ń tà. Ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ ni mò ń sè ní àdúgbò Natako ní Lọ́kọ́ja, láti ìgbà tí bàbá rẹ̀ ti kú tó fi òun nìkan sílẹ̀ fún mi. Ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ yẹn ló ra ìwé fún un, òun ló ra bàtà tó wọ̀ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́. Ẹni tí iṣẹ́ mi bá ń rùn sí, kó di imú rẹ̀.

Àgbàdo ni mo máa ń rẹ sómi títí yóò fi hù. N óò sá a, n óò lọ̀ ọ́, n óò sè é, n óò sẹ́ ẹ, n óò wá fi sílẹ̀ kó kan. Tó bá kan dáadáa, kí oníbàárà kankan tó fẹnu kàn án, èmi ni n óò kọ́kọ́ bù mu lójú rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílùú wa ní ilẹ̀ Ìjùmú nìyẹn, bẹ́ẹ̀ náà ni mo sì gbé e wá sí Lọ́kọ́ja. Ẹni tó bá gbé ọtí kalẹ̀ ló ń tọ́ ọ wò. Kì í ṣe nítorí májèlé nìkan. Ẹnu tó bá kọ́kọ́ kan ọtí, ẹnu onílé ni, ẹni tí kò bá sì lè mu nínú ohun tó gbé fún àlejò, kò tíì gba àlejò.

Ọdún kejì tí a gba òmìnira ni Bámiṣayé wá tọrọ Rebecca. Ó ń bá òyìnbó Amẹ́ríkà kan ṣiṣẹ́, ọ̀kan nínú àwọn tó ń wọn bí odò ṣe jìn tó níbi tí Ọya àti Bẹ́núé ti pàdé. Òyìnbó náà fún un ní ìgò ọtí mẹ́ta fún ìgbéyàwó. Ọmọ náà ṣí ọ̀kan, ó bu díẹ̀ sínú ìgò oògùn tó ti fọ̀ dáadáa, ó gbé e wá fún mi. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ṣí i, ó sì kọ́kọ́ tọ́ ọ wò kó tó gbé e lé mi lọ́wọ́. Ọjọ́ yẹn ni mo ti gbà pé ó lè fẹ́ ọmọ mi.

"Màmá, àgbàdo ni wọ́n fi ṣe é bíi tiyín," ó ní. "Ọ̀gá mi ní wọ́n fi àlìkámà kún un, pé àlìkámà yẹn ni kì í jẹ́ kó ta èèyàn lọ́fun. Tí wọ́n bá jẹun tán nílùú wọn, wọ́n á gbé nǹkan dídùn sẹ́nu, wọ́n á wá máa fi ọtí yìí sìn ín lọ díẹ̀díẹ̀."

Mo ti rò pé ògógóró ni, mo ti fún ojú pọ̀ dè é. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ó gbóná, àmọ́ ó rọ̀, ó ń ta sánsán bí afárá oyin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi èéfín lé kòkòrò rẹ̀ kúrò. Ẹ̀rín pa mí. Àṣé àgbàdo náà lè rìnrìn àjò dé òkè òkun, kó lọ kàwé, kó sì padà wálé.

Àdìjátù ọ̀rẹ́ mi wà níjokòó. Ọmọ Ìlọrin ni, àmọ́ àdúgbò Kabawa ní Lọ́kọ́ja ni wọ́n ti bí òun àti bàbá rẹ̀, àádùn ló sì ń ṣe tà. Kì í fẹnu kan ọtí rárá, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kì í kúrò lára ohun tí mo bá ń mu.

"Ṣebí nǹkan dídùn ni wọ́n fi ń mu ún," ó ní, ó na ewé àádùn kan sí mi. "Gbà, fi èyí tì í."

Mo bu àádùn sẹ́nu: àgbàdo yíyan, epo pupa, ata díẹ̀, oyin. Mo mu ọtí lé e. Ẹ gbà mí o! Ata yẹn jí ọtí náà dìde, ọtí náà sì fọ epo kúrò lẹ́nu mi, oyin ti àádùn àti oyin ti ọtí wá ń kí ara wọn bí ọmọ ìyá tó ti pẹ́ tí wọ́n ti ríra. Mo pariwo. Bámiṣayé náà gbìyànjú ẹ̀, ó ní kéèkì ni ọ̀gá òun fi fún òun, pé kò dùn tó báyìí, torí ṣúgà inú kéèkì kì í jẹ́ kí èèyàn gbọ́ adùn ọtí.

"Ó parí," mo ní. "Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, àádùn la ó fi mu ti òyìnbó. Kéèkì, ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ mi la ó fi tì í. Ohun kíkan ló mọ bí wọ́n ṣe ń gbé ohun dídùn."

Inú mi dùn lọ́jọ́ náà. Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn ni Ọ̀gbẹ́ni Ayọ̀dèjì wá kí mi, Rebecca àti Àdìjátù wà níjokòó. Àbúrò bàbá Bámiṣayé ni, akọ̀wé àgbà ni ní ọ́fíìsì ìjọba kan, alàgbà ni nínú ìjọ. Òun ló tọ́ Bámiṣayé, ilé rẹ̀ la ó sì ti ṣe àríyá, nítorí náà ẹnu rẹ̀ tólẹ̀. Ó jókòó sí etí àga mi bí ẹni tí àga fẹ́ bù jẹ.

Mo bu ṣẹ̀kẹ̀tẹ́, mo tọ́ ọ wò, mo gbé e fún un. Ó gbé ojú kúrò.

"Ẹ má bínú, Màmá. Mo ti búra níwájú ìjọ pé ọtí ò ní kan ètè mi mọ́."

Ìyẹn ò bí mi nínú, kálukú ló ni ètè rẹ̀. Ohun tó sọ tẹ̀lé e ló bí mi nínú. Ó ní kí ìkòkò ọtí mi má ṣe dé ibi àríyá. Ó ní àádùn náà, oúnjẹ ará oko ni. Àwọn ọ̀gá ń bọ̀, òyìnbó ń bọ̀, kéèkì àti wísíkì Amẹ́ríkà ni yóò wà lórí tábìlì.

"Ṣé wísíkì kì í ṣe ọtí ni?" mo bi í.

"Ìyẹn yàtọ̀. Oògùn inú ni. Wọ́n ń mu ún kí oúnjẹ lè dà ni."

Ó wúkọ́. Ó ní ohun kan ṣì kù. Sarah, ìyàwó òun, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, ni yóò jókòó sí àga ìyá ìyàwó. "Ẹ mọ̀ pé gbogbo Lọ́kọ́ja ló mọ̀ yín mọ́ ìkòkò. A ó wá àyè fún yín lẹ́yìn, lọ́dọ̀ àwọn tó ń dáná."

Mo wo Rebecca. Ilẹ̀ ló ń wò.

"Màmá," ó ní, ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹ̀fọn lọ, "ṣebí ọjọ́ kan péré ni."

Ó dùn mí wọ eegun. Ọmọ tí mo pọ̀n sẹ́yìn nídìí iná, tí òógùn mi ń kán sí lára, òun ló ń bẹ̀ mí pé kí n má jẹ́ ìyá òun fún ọjọ́ kan. Mo sọ fún àlejò mi pé mo ti gbọ́. Nígbà tó lọ tán, Àdìjátù kọjú sí mi.

"Ṣé o gbà ni?"

"Mo ní mo gbọ́. Ta ló ní mo gbà?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Èmi ò lè bá ọ gbé ìkòkò yẹn o. Àmọ́ igbá àádùn mi á bá ọ débẹ̀."

Ọjọ́ Sátidé ni wọ́n so wọ́n pọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, a sì gba ilé Ọ̀gbẹ́ni Ayọ̀dèjì lọ, lẹ́sẹ̀ òkè Patí. Ẹ̀yìn ni mo gbà wọlé lóòótọ́, èmi àti Àdìjátù. Ìkòkò mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àdògán, mo da aṣọ bò ó. Mo ń wo Sarah lórí àga mi, ó wé gèlè, kò sì mọ ibi tí yóò fi ọwọ́ sí.

Olúṣínà, ẹ̀gbọ́n bàbá Rebecca, ni olórí ẹbí wa. Ìjùmú ló ti wá pẹ̀lú àwọn àgbà. Wọ́n gé kéèkì, wọ́n rọ wísíkì sínú ife kéékèèké, wọ́n pín in dọ́wọ́ wọn. Ọ̀gbẹ́ni Ayọ̀dèjì wá dìde. Ó sọ Gẹ̀ẹ́sì, ó sọ Yorùbá, ó ní, "Ọtí iyì yìí, èmi Ayọ̀dèjì ni mo gbé e kalẹ̀ fún ẹ̀yin àna wa." Òyìnbó tó ni ọtí ń rẹ́rìn-ín músẹ́, kò gbọ́ ohun tó ń sọ.

"Ọ̀kun o, Alàgbà," Olúṣínà kí i bí a ṣe ń kíni ní Ìjùmú. "A dúpẹ́. Ẹ tọ́ ọ wò fún wa."

Ọ̀gbẹ́ni Ayọ̀dèjì rẹ́rìn-ín. "Bàbá, èmi kì í mu."

"Ẹ̀yin kọ́ lẹ ní ẹ gbé e kalẹ̀?"

"Bámiṣayé lè tọ́ ọ wò."

"Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, ọkọ ìyàwó kì í gbé ọtí fún àna fúnra rẹ̀, Alàgbà. Ẹnu onílé ló ń gbà gbé e."

Pásítọ̀ ń wo Ọ̀gbẹ́ni Ayọ̀dèjì, ó ń dúró de ohun tí yóò ṣe. Oògùn inú ti di ọtí lójú gbogbo ayé. Bó bá mu, ó da ìbúra níwájú pásítọ̀. Bí kò bá mu, kò gba àna lálejò. Olúṣínà gbé ife rẹ̀ kalẹ̀, àwọn àgbà tó kù sì gbé tiwọn kalẹ̀ tẹ̀lé e. Lọ́dọ̀ wa, bí ẹbí ìyàwó kò bá mu, ọ̀rọ̀ ò tíì di àna, bí pásítọ̀ tilẹ̀ so wọ́n pọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Rebecca mọ̀.

Mo nu ọwọ́ mi sí ìró, mo jáde.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà sẹ́yìn," Ọ̀gbẹ́ni Ayọ̀dèjì sọ ọ́ lábẹ́ ẹnu.

"Ẹ̀yìn ni mo ti ń bọ̀," mo ní, mi ò sì sọ tèmi lábẹ́ ẹnu. "Mo ti rí ibẹ̀ tán."

Mo kúnlẹ̀ fún Olúṣínà, mo na ọwọ́ sí ife rẹ̀.

"Adéòkè, ẹni tó bá tọ́ ọ wò ló gbé e kalẹ̀. Òun lonílé. O mọ̀?" Olúṣínà bi mí.

"Bàbá, mo mọ̀. Ìdí tí mo fi wá nìyẹn."

Mo mu ún lójú gbogbo wọn, mi ò yára. Mo wá pe Àdìjátù, ó gbé igbá rẹ̀ dé, mo bu àádùn jẹ lé e. Mo gbé ife padà fún Olúṣínà pẹ̀lú àádùn lórí ewé. Ó jẹ, ó mu, ó pa ojú dé, ó sì na ọwọ́ fún òmíràn. Àwọn àgbà ń tẹ̀lé e lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó kan òyìnbó, ó kọ́kọ́ gbọ́ òórùn àádùn, ó jù ú sẹ́nu, ó mu ọtí ìlú rẹ̀ lé e. "Kai!" ló pariwo, bí àwọn awakọ̀ ojú omi tó ń bá a ṣiṣẹ́ ṣe máa ń pariwo. Ó gba igbá náà mọ́ra, kò fẹ́ gbé e fún ẹnìkejì mọ́. Èèyàn rẹ́rìn-ín títí.

Mo padà lọ gbé ìkòkò mi. Mo gbé e la àárín wọn kọjá, mo gbé e lé orí tábìlì funfun yẹn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kéèkì. Kò sẹ́ni tó dá mi dúró. Ta ni yóò dá onílé dúró?

"Alàgbà," mo ní, "ẹ jẹ kéèkì tiyín. Kéèkì ò sí nínú ìbúra yín."

Sarah ti dìde lórí àga. Kì í ṣe èèyàn burúkú, ojú ń tì í ni. Ó gbọn àga náà fún mi. "Ìyá ìyàwó, ẹ wá jókòó."

"Ẹ ṣeun. Ẹni tó ń pín ọtí kì í jókòó."

Rebecca ló kù. Ó gbé aṣọ funfun rẹ̀ sókè díẹ̀, ó jáde kúrò nídìí tábìlì, ó wá kúnlẹ̀ síwájú mi nínú iyanrìn, ó na ọwọ́ méjèèjì. Omi ti dé ojú èmi náà, àmọ́ mi ò ṣe tán láti rọ̀.

"Ọwọ́ ta lo ti fẹ́ gbà á?" mo bi í.

"Ọwọ́ yín, Màmá."

"Àwọn tó wà lẹ́yìn ò gbọ́."

Ó gbé orí sókè, ó wo Ọ̀gbẹ́ni Ayọ̀dèjì, ó wo pásítọ̀ àti òyìnbó. "Ọwọ́ ìyá mi ni," ó ní, ohùn rẹ̀ sì dé ìdí àdògán. "Adéòkè oníṣẹ̀kẹ̀tẹ́, ní Natako. Òun ló bí mi."

Mo bu ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ láti inú ìkòkò. Mo tọ́ ọ wò, mo sì gbé e fún un.