Mú Èyí Tó Fẹ̀ Nídìí

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ fi ẹ̀kọ yín sílẹ̀ ná, kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí lórí bẹ́ẹ̀dì lóru àná. Àlá ni, ó sì dùn débi pé nígbà tí mo jí, inú bí mi sí ojú ara mi tó là. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Bí ẹ bá rẹ́rìn-ín, n ó dákẹ́, ẹ ó sì máa bẹ̀ mí títí di ọ̀sán.

Ẹ ṣáà mọ Ẹniọlá, ọmọ Sisí Ìbídùn ẹ̀gbọ́n mi, èyí tó wà ní Kánádà. Lánàá ló fi fídíò kan ránṣẹ́, níbi tí àwọn ènìyàn ti ń yọ̀ wálẹ̀ látorí òkè yìnyín bí ẹni tí olè ń lé. Ó ní òun náà fẹ́ ra pátákó gígùn tí wọ́n ń so mọ́ ẹsẹ̀, síkì ni wọ́n ń pè é, àmọ́ òun ò mọ irú èyí tí òun máa mú. Mo wo fídíò náà títí oorun fi gbé mi lọ.

Àfi bí mo ṣe bá ara mi lórí Àpáta Erin, àpáta ńlá tó wà lẹ́yìn ilé bàbá wa ní Èkìtì. Yìnyín ti bò ó látòkè délẹ̀, ó funfun bí ẹ̀kọ tí ẹ ń jẹ yẹn. Kò yà mí lẹ́nu. Ohun tí mo kàn ń rò ni pé ta ló máa gbá gbogbo rẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ ohùn kan nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún:

“Àyọ̀ká! Tètè máa bọ̀ kí òòrùn tó là o!”

Sisí Ìbídùn ni. Ó ti pẹ́ tí a ti sin ín, àmọ́ ohùn rẹ̀ ni, ohùn tó fi máa ń pè mí nígbà tí a wà lọ́mọdé. Ẹ̀yin tí ẹ ò dàgbà sílùú olókè ò lè mọ̀ ọ́n. Ní kùtùkùtù, nígbà tí ìrì ṣì wà lójú àpáta, la máa ń jókòó sórí imọ̀ ọ̀pẹ, tí a ó sì yọ̀ wálẹ̀ fìrì. Bí òòrùn bá ti là, àpáta á gbẹ, imọ̀ á há, eré parí nìyẹn. Sisí ló máa ń yan imọ̀. Èmi á jókòó síwájú, òun á jókòó sẹ́yìn mi, á fi ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì gbá mi mú. Èmi ò yan imọ̀ rí láyé mi.

Nínú àlá náà, mo mọ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún mi, pé bí òòrùn bá bá mi lókè, yìnyín á yọ́, Sisí á sì máa lọ. Mo gbọ́dọ̀ rí nǹkan jókòó lé.

Mo gbójú sókè báyìí, ọ́fíìsì kan ló ń léfòó lójú ọ̀run. Okùn ewúrẹ́ ni wọ́n fi so ó mọ́ odó ìyá wa kó má baà lọ. Mo fa okùn, ọ́fíìsì sọ̀ kalẹ̀, mo kan ilẹ̀kùn, mo wọlé. Ọ̀gá kan tó wọ kóòtù, tó so táì, jókòó síbẹ̀. Àwọn síkì fara ti ògiri lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ń bú ara wọn.

“Èmi ni kí ẹ mú,” pupa tínńrín kan ní. “Èmi ló yára jù.”

“Orí ọ̀nà tí wọ́n ti fi ẹ̀rọ tẹ́ lo ti ń yára,” èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ dá a lóhùn. “Jẹ́ ká dé inú yìnyín tó jìn ká wò ó. Ṣe lo máa rì bí abẹ́rẹ́.”

Ọ̀gá náà ní, “Màmá, ẹ kú àárọ̀. Ṣé orí ọ̀nà lẹ fẹ́ gbà, àbí inú igbó yìnyín tí ẹnikẹ́ni ò tíì tẹ̀?”

“Ta ló la ọ̀nà sórí Àpáta Erin rí?” mo ní.

“Inú igbó nìyẹn. Èyí tó fẹ̀ lẹ máa mú kó má baà rì. Ẹ dìde kí n wọ̀n ọ́n mọ́ yín. Ó yẹ kó ga tó iwájú orí yín.”

“Kí ni ti iwájú orí ńbẹ̀? Ìdí mi ni kí ẹ wọ̀n ọ́n mọ́.”

Ó yọ awò ojú rẹ̀. “Màmá, kí lẹ fẹ́ fi ìdí ṣe?”

“Ṣé ìdúró lẹ ti wá ń yọ̀ ní tiyín ni? Ọmọ tí wọ́n bá kọ́ dáadáa, ṣe ló ń jókòó.”

 Mo tẹ́ àwọn síkì náà sílẹ̀, mo ń jókòó lé wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ra àpótí ìdáná. Pupa tínńrín yẹn bú sẹ́kún pé ayé òun ti bàjẹ́. Inú bí ọ̀gá títí irùngbọ̀n fi hù sí i, ìwo tẹ̀ lé e, ló bá di òbúkọ pẹ̀lú táì lọ́rùn.

“Ẹ kú ìyípadà,” mo kí i. Ó dáhùn tẹ̀yẹtẹ̀yẹ, ó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ó gbé akoto wá. Ó gbé ṣọ́bìrì wá. Ó gbé bàtà wá, ó sì jẹ ẹsẹ̀ kan lọ́nà. Lẹ́yìn náà ló fi ẹnu gbé ẹ̀rọ kékeré kan kọ́ mi lọ́rùn, ẹ̀rọ náà sì ń ké pí, pí, pí.

“Bí òkìtì yìnyín bá ya bò yín,” ó ní, “igbe yìí ni ẹnìkejì yín máa gbọ́ tó máa fi rí yín. Ta lẹ ń bá lọ?”

“Èmi nìkan ni.”

“Háà! Àwa ewúrẹ́ gan-an kì í dá gun àpáta. Ẹni tí kò bá ní ẹnìkejì kì í wọ igbó yìnyín. Ẹ máa lọ sílé.”

Òòrùn ti ń yọjú. Ẹ̀yin ará ilé, ibẹ̀ ni mo ti sunkún. “Ẹnìkejì mi wà nísàlẹ̀,” mo ní.

“Ẹ ní kó gòkè wá.”

“Kò lè gòkè wá mọ́.”

Òbúkọ sorí kọ́. Ó ń wo táì rẹ̀. Ẹ̀rọ tó wà lọ́rùn mi náà dákẹ́, ó wúkọ́ díẹ̀, ó sì fi ohùn Sisí sọ̀rọ̀: “Àyọ̀ká, mú èyí tó fẹ̀ nídìí!”

Ohun tó máa ń wí nìyẹn nígbàkigbà tó bá ń ṣa imọ̀. Òbúkọ na etí. “Ó ti dáhùn,” ó ní. “Ẹni méjì ni yín.” Ó ti àwọn síkì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, imọ̀ ọ̀pẹ tútù kan ló sì wà lẹ́yìn wọn, ó fẹ̀ nídìí, kò bá ẹnikẹ́ni jà.

Mo jókòó lé e. Ọ́fíìsì dojú dé, ó dà mí síta bí omi ìfọbọ́. Mo ń yọ̀ lọ, atẹ́gùn ń wọ̀ mí létí, ẹsẹ̀ méjì sì ti ẹ̀yìn wá gbá mi mú gírígírí. Mi ò wẹ̀yìn. Mo mọ ẹsẹ̀ náà. A jọ ń rẹ́rìn-ín bọ̀, ẹ̀rọ náà sì ń ké, pí, pí, pí, bí ilẹ̀ ṣe ń súnmọ́ wa.

Mo bá jí. Ẹsẹ̀ mi méjèèjì ti yọ kúrò nínú aṣọ ìbora, ọyẹ́ ti sọ wọ́n di igi. Ìyá Ràfíù, ewúrẹ́ yín ló dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá mi, ó ń jẹ sálúbàtà mi kan, a ó jọ sọ ìyẹn tó bá yá. Fóònù ló ń ké lábẹ́ ìrọ̀rí. Mo gbé e.

“Màmá kékeré, ẹ kú àárọ̀ o. Alẹ́ ṣì ni níbí. Ọ̀la ni mo fẹ́ lọ ra síkì yẹn. Èwo ni kí n mú?”

Ẹniọlá ni, àmọ́ ohùn ìyá rẹ̀ ló jogún, kò yingin. 

“Mú èyí tó fẹ̀ nídìí,” mo ní. “Má sì dá lọ o.”

Ó rẹ́rìn-ín. “Ẹ̀yin náà ẹ wá, ká jọ lọ.”

Mo ní n ó wá, àmọ́ èmi ni n ó jókòó síwájú.