Ìwé Tí Mo Lu Òǹtẹ̀ Sí

Ní ọdún 2005, èmi nìkan ni tíṣà tó mọ bí wọ́n ṣe ń wá nǹkan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ní ilé ìwé wa ní Ìlúpéjú-Èkìtì, mo sì rí i dájú pé gbogbo ènìyàn mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè ọjọ́ tí ìdánwò máa bẹ̀rẹ̀, màá ní kó fara balẹ̀, màá lọ wò ó ní Ìkọ̀lé. Àwọn tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ń pè mí ní Ìyá Kọ̀ǹpútà. Mo máa ń fajú ro bí ẹni pé n kò fẹ́ orúkọ náà. Irọ́ ni, ó ń dùn mọ́ mi nínú.

Ilé ìwé wa kò ní kọ̀ǹpútà kankan. Ìkọ̀lé ni a ti rí sáíbà kafé tó sún mọ́ wa jù, nítorí náà mo máa ń kó ọmọ mẹ́fà láti kíláàsì SS2 lọ síbẹ̀ ní ọjọ́ Sátidé, ọmọ mẹ́ta sídìí ẹ̀rọ kan. Ojú ìwé kan lè pẹ́ kó tó ṣí tó bẹ́ẹ̀ tí a ó fi jẹ ẹ̀pà tán. Àsìkò yẹn ni mo fi ń kọ́ wọn pé kì í ṣe gbogbo ohun tó bá jáde níbẹ̀ ni òótọ́. Mo ní kí wọ́n máa wo ẹni tó kọ ọ́ àti ìgbà tó kọ ọ́, kí wọ́n sì wá a níbòmíràn bóyá ẹlòmíràn sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n kọ́ ọ sórí bí ẹsẹ Bíbélì.

Ẹ̀bùn ló mú ẹ̀kọ́ náà jù nínú wọn. Ọmọ tẹ́ẹ́rẹ́ ni, kì í pariwo. Bàbá rẹ̀ ti kú, ìyá rẹ̀ sì ń gbin ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo. Nọ́ọ̀sì ló fẹ́ ṣe, kò sí ohun mìíràn tó wù ú. Láti kékeré rẹ̀, bí ẹ̀yìn bá ń ro ìyá rẹ̀ tó bá ti oko dé, á ní kí nọ́ọ̀sì òun wá bá òun tẹ̀ ẹ́.

Ohun tó ń dẹ́rù ba àwọn tó fẹ́ ṣe nọ́ọ̀sì ni Físíìsì. Kọ́pà tó ń kọ́ wọn ti sìnlú tán, ó ti lọ sílé, ìjọba kò sì rán ẹlòmíràn wá. Àsìkò sì ń sún mọ́ tí wọ́n máa kọ sọ́bújẹ́ẹ̀tì mẹ́sàn-án tí wọ́n fẹ́ ṣe ní Wáẹ̀kì sílẹ̀. Ni èmi Ìyá Kọ̀ǹpútà bá gun ọ̀kadà, ó di Ìkọ̀lé. N kò pẹ́ tí mo fi rí ojú ìwé kan tó to ohun tí ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ń béèrè, ó sì ní ẹni tí kò bá ní Físíìsì lè fi Agíríìkì rọ́pò rẹ̀. Inú mi dùn dé góńgó. Mo ní kí wọ́n bá mi tẹ apá ibẹ̀ nìkan jáde.

Ọ̀gá ilé ìwé wa, Ọ̀gbẹ́ni Ọládiípọ̀, kò tilẹ̀ kà á. Ó na òǹtẹ̀ sí mi, mo lù ú sára ìwé náà gbàmù, mo sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó iwájú ọ́fíìsì. Lọ́dọ̀ wa, ìwé tí kò bá ní òǹtẹ̀ lára, ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni. Bó bá ti ní òǹtẹ̀, kò sí ẹni tí í yẹ̀ ẹ́ wò mọ́.

Lọ́jọ́ kejì, nínú kíláàsì, Ẹ̀bùn nawọ́ sókè. Ó béèrè jẹ́jẹ́ pé òun kò rí ọjọ́ tí wọ́n kọ ìwé tó wà lára pátákó, ìgbà wo ni. Ẹnìkan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé n kò wò ó. Ìdùnnú kò jẹ́ kí n wò ó. Ǹ bá sọ pé n kò mọ̀, ọ̀rọ̀ ì bá ti tán síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú tì mí, ìtìjú sì di ìbínú kíá. Mo bi í bóyá òun ló fẹ́ wá kọ́ mi ní ohun tí mo kọ́ ọ. Mo bi í bóyá bó ṣe ń gbó àgbà lẹ́nu nílé wọn nìyẹn. Mo ní kó kúnlẹ̀ títí aago máa fi lù, ó sì kúnlẹ̀, ó ní kí n má bínú.

"Ojú ìwé ni mo ní kí ẹ máa bi léèrè," mo sọ fún gbogbo kíláàsì, "mi ò ní kí ẹ máa bi àgbà."

Nígbà tí wọ́n ń kọ sọ́bújẹ́ẹ̀tì sílẹ̀, Ẹ̀bùn fi Físíìsì sílẹ̀, ó mú Agíríìkì. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, èsì jáde, kò fìdí rẹmi nínú ẹyọ kan. Wọ́n jó ní agboolé wọn. Nígbà tó dé ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, wọ́n wo èsì rẹ̀, wọ́n ní Físíìsì dà. Wọ́n ní ó ti tó ọdún mẹ́rin tí àwọn ti yọ Agíríìkì kúrò. Wọ́n dá a padà sílé.

Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo lọ sí Ìkọ̀lé, mo ṣí ojú ìwé yẹn, mo sì wò ó dé ìsàlẹ̀ pátápátá. Ọdún 1999 ló wà níbẹ̀, ó kéré, ṣùgbọ́n ó hàn ketekete. Mo jókòó síwájú rẹ̀ títí ẹni tó ni kafé fi sọ fún mi pé àsìkò mi ti tán.

Ọjọ́ yẹn ló yẹ kí n lọ sílé wọn. N kò lọ. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ọ̀nà ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì ni mo ń gbà kí n má baà pàdé ìyá rẹ̀, ojo ni mo ṣe. Àfìgbà tí mo gbọ́ pé Ìyá Ẹ̀bùn ti kọ Àbẹ̀bí, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, sílẹ̀. Ìyá Ẹ̀bùn ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì àwọn àtúnbí, Àbẹ̀bí sì ni ń tọ́jú ojúbọ Ògún ìdílé wọn. Ó ní Àbẹ̀bí ló dí ọmọ òun lọ́nà. Àbẹ̀bí yìí ló máa ń pọn Ẹ̀bùn ní kékeré nígbà tí ìyá rẹ̀ bá lọ oko. Àbẹ̀bí ti kó ìkòkò rẹ̀ kúrò ní ilé ìdáná tí wọ́n jọ ń lò láti ogún ọdún, ó ti lọ bá ọmọ rẹ̀ ní Ààyè.

Ìyẹn ló gbé mi dìde lọ sílé wọn. Ìyá Ẹ̀bùn yọ̀ mọ́ mi.

"Ẹ kú uṣẹ́ o, tíṣà. Ẹ wọ unú ulé."

Ó ti di iṣu mẹ́ta sílẹ̀ fún mi láti fi dúpẹ́ lọ́wọ́ mi fún wàhálà mi lórí ọmọ rẹ̀. Mo tú ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀ fún un láìfi ọ̀kan pamọ́. Mo ní Àbẹ̀bí kò mọwọ́mẹsẹ̀, èmi ni mo mú ìwé àtijọ́ wá, èmi ni mo fi ìyà jẹ ọmọ tó béèrè. Mo ní kó jẹ́ kí Ẹ̀bùn tún ìdánwò ṣe, màá wá ẹni tó máa kọ́ ọ ní Físíìsì. Ó rẹ́rìn-ín, ó di ọwọ́ mi mú.

"Tíṣà, uwà rere yín ni. Ẹ fẹ́ bo obìnrin un láṣìírí. Uwé tó ní òǹtẹ̀, báwo ni á ṣe purọ́?"

Ó ní kò sí ìdánwò mọ́ nígbà tí ọ̀tá ṣì wà láyé, pé Ẹ̀bùn máa lọ kọ́ṣẹ́ aránṣọ ní Ìyè. Gbogbo bí mo ṣe ń sọ ọ́, bẹ́ẹ̀ ló túbọ̀ ń yìn mí.

Ẹ̀bùn gbé iṣu náà sórí, ó sìn mí dé ojú títì. Mo bẹ̀ ẹ́ lójú ọ̀nà. Mo ní kó dárí jì mí, pé òun ló tọ̀nà lọ́jọ́ yẹn.

"Mo lọ sí Ìkọ̀lé fúnra mi, mà, kí a tó kọ sọ́bújẹ́ẹ̀tì sílẹ̀," ó sọ. "Mo rí èyí tuntun. Wọ́n kọ ọjọ́ sí i. Físíìsì ló wà níbẹ̀."

Mo dúró sójú kan. Mo bi í pé kí ló dé tó fi wá mú Agíríìkì.

Ó sọ iṣu kalẹ̀, ó gbọn yẹ̀pẹ̀ kúrò lọ́wọ́.

"Èmi ni mo wá ìyẹn, mà, ẹ̀yin ni ẹ wá tiyín. Mo ní tèmi ló máa jẹ́ irọ́."