Ìwé Tó Wà Lábẹ́ Gíní

“Ọ̀gá mi, ṣé ìwé tí mo fi ránṣẹ́ tẹ̀ yín lọ́wọ́?”

Ọnọrébù Nusirat ló béèrè, orí máìkì ló sì ti béèrè rẹ̀, níṣojú gbogbo aláṣọ tó péjọ síwájú ìsọ̀ wọn nínú ọjà n'Ìwó. Gbogbo wọn yíjú sí Àjíkẹ́, alága ẹgbẹ́, tó jókòó sórí àga níwájú pátápátá.

“Ìwé wo?” ni Àjíkẹ́ dáhùn. “Kò sí ìwé kankan tó tẹ̀ mí lọ́wọ́.”

Irọ́ ni. Ìwé ọ̀hún wà nínú ìsọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn ibi tó jókòó sí, lábẹ́ ìdì gíní aláwọ̀ ojú ọ̀run. Ọjọ́ kẹtàlá rèé tó ti wà níbẹ̀, ẹnikẹ́ni kò tíì ya ẹnu rẹ̀.

Kí ẹ tó dá a lẹ́bi, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó fà á. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni Nusirat nígbà tí ìyá rẹ̀ fà á lé Àjíkẹ́ lọ́wọ́ pé kó kọ́ ọ ní òwò aṣọ. Àjíkẹ́ ló kọ́ ọ bí a ṣe ń fi ìka méjì yẹ àǹkárá wò kí a tó mọ ojúlówó, àti bí a ṣe ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò fi ní ya ìsọ̀ kejì. Ọdún mẹ́fà gbáko ni ọmọ yìí fi ń kúnlẹ̀ kí i láràárọ̀, tó ń gbálẹ̀, tó ń kó aṣọ síta. Ta ló mọ̀ pé ẹni tó ń kó aṣọ síta yóò di ẹni tí ọlọ́pàá ń ṣílẹ̀kùn ọkọ̀ fún?

Ìlara ni. A kò ní fi orúkọ mìíràn pè é. Nígbà tí Nusirat wọlé ìbò sí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Ìpínlẹ̀, inú Àjíkẹ́ dùn fún ọjọ́ kan péré. Lọ́jọ́ kejì ló gbọ́ pé Ìbàdàn ni ọmọ iṣẹ́ òun ti lọ ra léèsì tó fẹ́ wọ̀ lọ búra, láti ọjọ́ náà ni nǹkan sì ti ń jẹ ẹ́ nínú. Bí wọ́n bá dárúkọ Nusirat lórí rédíò, á pa rédíò. Bí oníbàárà bá ní, “Ṣebí ẹ̀yin lẹ kọ́ Ọnọrébù níṣẹ́,” á rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín ọ̀hún kì í ti inú wá.

Ìgbà tí ìwé yẹn dé ni ọ̀rọ̀ wá burú sí i. Bàbá Adédìpẹ̀, àgbàlagbà tó ń jíṣẹ́ fún ọ́fíìsì Nusirat, ló mú un wá, tó fi ọwọ́ méjèèjì nà án sí i.

“Nusirat fúnra rẹ̀ ńkọ́?” ni Àjíkẹ́ bi í.

“Ilé Ìgbìmọ̀ ń jókòó lórí ìṣúná ní Òṣogbo, wọn ò ráyè.”

“Ó wá fi ìwé ránṣẹ́ sí mi? Ọmọ tí mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń ká aṣọ?”

Lọ́dọ̀ wọn n'Ìwó, ọmọdé kì í jókòó síbì kan kó fi ìwé bá àgbà sọ̀rọ̀. Ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ni yóò fi wá, yóò sì kúnlẹ̀ kó tó la ẹnu. Àjíkẹ́ di àṣà yìí mú gírígírí lọ́jọ́ náà. Ó ti ìwé bọ abẹ́ gíní, ó ní bí Nusirat bá fẹ́ kí òun mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, kó wá fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́.

Nusirat sì ti wá lónìí. Ó tiẹ̀ kúnlẹ̀ kí ọ̀gá rẹ̀ bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, ṣùgbọ́n orúnkún kan ṣoṣo ni Àjíkẹ́ rí tó kan ilẹ̀. Lẹ́yìn àdúrà ló jábọ̀ fún wọn. Ó ní àbádòfin tí kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ti ìsọ̀ ọlọ́jà pa láìfún un ní ìwé ìkìlọ̀ ọjọ́ mọ́kànlélógún ti dé kíkà kejì. Ó ní nínú ìṣúná tọdún tó ń bọ̀, omi ẹ̀rọ àdúgbò Gídígbó ti wọlé, àtúnṣe ilé ìwòsàn pẹ̀lú ti wọlé.

“Ó wá ku gọ́tà ọjà yín yìí,” ló wí. “Ìgbìmọ̀ ìṣúná láwọn fẹ́ ìwé látọwọ́ ẹ̀yin gan-an tẹ́ ẹ̀ ń lo ọjà, kí ẹ sì tẹ̀ka sí i. Àwọn ará Kuta ti kó tiwọn fún aṣojú wọn, Olúpọ̀nnà náà ti kó tiwọn. Ọ̀sán ọ̀la ni wọ́n máa pa ojú ẹ̀ dé. Tí tiyín ò bá dé, wọ́n á yọ gọ́tà kúrò.”

Ibẹ̀ ló ti wá bi Àjíkẹ́ bóyá ìwé tó fi béèrè tiwọn tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, ibẹ̀ náà ni Àjíkẹ́ sì ti purọ́.

“Ọ̀la kẹ̀?” Halimah ló pariwo. Opó ni, ìsọ̀ tirẹ̀ ló wà nísàlẹ̀ jù nínú ọjà, òjò èṣí sì ti kó ìdì aṣọ mẹ́rin lọ mọ́ ọn lọ́wọ́. “Yéè! Gọ́tà ti lọ nìyẹn! Èyí tó kù mí kù lòjò tó ń bọ̀ máa gbé lọ yìí!”

Nusirat yíjú sí Bàbá Adédìpẹ̀. “Bàbá, ṣebí ẹ ní ẹ fún wọn lọ́wọ́?”

Bàbá wo Àjíkẹ́. Àjíkẹ́ gbójú sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ọkùnrin náà ṣí fìlà rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ká a. “Ọnọrébù, mo rò pé mo mú un dé ni.”

“Ẹ rò? Ẹ̀ẹ̀kejì rèé, bàbá. Tí iṣẹ́ yìí bá ti ń nira fún yín, ẹ máa sinmi nílé láti ọ̀la.”

“Ó dáa, Ọnọrébù.”

Ojú Nusirat ti pọ́n, ohùn rẹ̀ ti ń gbọ̀n lórí máìkì. Ohun tí Àjíkẹ́ ti ń wá láti ọjọ́ yìí nìyẹn, kó rí i kí nǹkan dàrú mọ́ ọmọ yìí lójú ní gbangba. Ó sì dùn mọ́ ọn, kí n má purọ́ fún yín. Àmọ́ adùn náà kò pé ìṣẹ́jú kan. Halimah ń nu ojú nídìí òpó, bàbá arúgbó sì ń ká fìlà tó ti ká tán. Àjíkẹ́ dìde, ó wọ inú ìsọ̀ lọ.

Nígbà tó jáde, ìwé náà wà lọ́wọ́ rẹ̀.

“Má lé bàbá,” ló wí. “Wọ́n mú un dé. Ọwọ́ mi ni wọ́n fi í lé. Èmi ni mi ò ya á.”

Nusirat gbé máìkì kúrò lẹ́nu. “Kí ló dé, ọ̀gá mi?”

“Mo ní kò yẹ kó o fi ìwé bá mi sọ̀rọ̀. Àwáwí ni. Ìlara ni, Nusirat. Mò ń ṣe ìlara rẹ.”

“Ẹ̀yin ń ṣe ìlara, Alága,” ni Halimah wí láìwo ojú rẹ̀, “aṣọ tèmi ni omi fẹ́ gbé lọ.”

Àjíkẹ́ rìn lọ síwájú Bàbá Adédìpẹ̀, ó kúnlẹ̀ nínú erùpẹ̀. “Ẹ forí jì mí, bàbá. Mo fẹ́ fi irọ́ gba oúnjẹ lẹ́nu yín.” Kí bàbá tó fọhùn, ó gbọ́ tí aṣọ ń wọ́ nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Nusirat ló kúnlẹ̀, orúnkún méjèèjì, léèsì Ìbàdàn nínú iyẹ̀pẹ̀.

“Ẹ forí ji èmi náà, bàbá,” ló wí. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀ fún Àjíkẹ́ nìkan. “Ó yẹ kí n wá fúnra mi. Ẹ̀rù yín ló ń bà mí. Ojú tẹ́ ẹ fi ń wò mí látìgbà tí mo ti wọlé.”

Wọ́n ya ojú ìwé kan láti inú ìwé ìpàdé ẹgbẹ́, kí wọ́n fi kọ ìwé gọ́tà náà. Àjíkẹ́ ló kọ ọ́. Lókè, níbi tí orúkọ ẹni tí wọ́n ń kọ ọ́ sí máa ń wà, ó kọ Ọnọrébù Nusirat síbẹ̀, ọ̀rọ̀ tí ẹnu rẹ̀ kò tíì fi pè é rí. Gbogbo wọn tẹ̀ka. Halimah ló kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́.

“Bàbá á mú un wá bá mi lọ́la,” ni Nusirat wí.

“Rárá,” ni Àjíkẹ́ dáhùn. “Bàbá ti rin tiwọn.”

Lọ́jọ́ kejì, ìsọ̀ Àjíkẹ́ wà ní títì. Kí aago mẹ́wàá tó lù, ó ti wà lẹ́nu géètì Ilé Ìgbìmọ̀ ní Òṣogbo, báàgì rẹ̀ ní abíyá.

“Màmá, ẹ fi ìwé yín sílẹ̀ níbí,” ni ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì sọ fún un. “A máa bá yín fún wọn.”

“Ẹ ṣé, ọmọ mi,” ni Àjíkẹ́ wí, “àmọ́ ọwọ́ ara wọn ni n ó fi í lé. Mo mọ ohun tí ojú ìwé lè rí.”

Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó gbé báàgì lé itan, ó ń dúró de ọmọ iṣẹ́ rẹ̀.