Àna Tí A Kì Í Wò Lójú

Olúyẹmí gbé àpótí rẹ̀ wọ ilé ní Hyde Park, ní Chicago, ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé kan, Jánúárì ọdún 1986, yìnyín kún orí fìlà rẹ̀, ó sì bá àpótí mìíràn lẹ́nu ọ̀nà. Ti ìyá ìyàwó rẹ̀ ni. Màmá Josephine ti wọ kóòtù, ó ti wé gèlè, ó jókòó bí ẹni tó ń dúró de bọ́ọ̀sì. Olúyẹmí kò tíì bọ́ bàtà tó fi dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí kápẹ́ẹ̀tì. Màmá wo ògiri.

"Adéòkè," ló wí fún ọmọ rẹ̀, "bá mi yọjú lójú fèrèsé, bóyá Gabriel ti dé."

Ẹ má tíì dá Màmá lẹ́bi. Oǹdó ló ti wá láti wá tọ́jú ọmọ tuntun tí Adéòkè bí. Iléeṣẹ́ tí Olúyẹmí ń bá ṣiṣẹ́ ló ń ṣe ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ etí ọmọdé wò. Wọ́n ta ọ̀kan fún kílíníìkì kan lókè Ọsirélíà lọ́hùn-ún, wọ́n ní kí Olúyẹmí lọ tò ó, kó sì kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń lò ó. Láàárọ̀ ọjọ́ tó ń lọ, takisí ti dé, Màmá ń sùn, ọ̀gbẹ́ni ní òun ò fẹ́ jí i. Ó bá tirẹ̀ lọ. Èèyàn ń lọ sí ìpẹ̀kun ayé, kò dágbére fún ìyá ìyàwó rẹ̀ tó wà ní yàrá kejì. Ẹ bá mi wo ìwà.

Láti ọjọ́ náà, bó bá tẹ Adéòkè láago, Màmá kì í gba fóònù. Ó ní Gabriel, ọkọ Bùnmi ọmọ òun kejì tó wà ní Evanston nítòsí, mọ èèyàn-án kí, ọ̀dọ̀ rẹ̀ lòun ń lọ. Bẹ́ẹ̀ Adéòkè, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ń padà sẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Bí Màmá bá lọ, kò sẹ́ni tó máa gbé ọmọ.

"Mọ́mì, I'm sorry, ẹ dárí jì mí," ni Olúyẹmí wí láti ilẹ̀. "Mo ti jìyà ẹ̀ lọ́hùn-ún."

Màmá gbọ́ ìyà, ó sì yí ọrùn díẹ̀.

Olúyẹmí rí àyè, ló bá ki ẹnu bọ̀rọ̀. Ó ní etí òkun ni ìlú náà wà, ooru ibẹ̀ ju ti Oǹdó lọ, máńgòrò ń já bọ́ sójú ọ̀nà, kò sẹ́ni tó ń ṣà á. Òkun wọn mọ́ gaara, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kì í wẹ̀ níbẹ̀ nítorí ọ̀nì. Òjò ti gé ọ̀nà, bàlúù kékeré ló gbé e débẹ̀. Ilẹ̀ àwọn Abọ́rígínì ni, àwọn ọmọ onílẹ̀ tó wà níbẹ̀ kí òyìnbó tó dé, àlejò ò sì gbọdọ̀ ṣàdédé wọ̀ ọ́. Kó tó kúrò ní Chicago ló ti tọrọ àyè lọ́wọ́ àwọn àgbà ìlú.

"Àwọn yẹn ò sùn nígbà tó ń tọrọ àyè," ni Màmá sọ fún ògiri.

Augustine, ọmọ ìlú náà tó ń ṣiṣẹ́ ní kílíníìkì, ló gbà á lálejò. Níbẹ̀, kò sẹ́ni tí wọn kì í wá ìbátan fún, nítorí náà Augustine sọ ọ́ di àbúrò. Inú Olúyẹmí dùn, ó ní ilé náà nìyí. Augustine ní, "Bó o ṣe di àbúrò mi yìí, ìyá ìyàwó mi ti di àna tìẹ náà. Òun ló jókòó sábẹ́ igi yẹn." Ó ṣì ń bọ̀ wá sọ ìyókù, àmọ́ Olúyẹmí ò dúró gbọ́. Ẹ̀rí-ọkàn ti ń jẹ ẹ́ láti Chicago, ó ní Ọlọ́run ló fún òun láyè kí òun tún ìwà òun ṣe. Ó sáré lọ, ó nà gbalaja sínú ẹrẹ̀ pupa.

Ìyá náà dìde, ó fi aṣọ bojú, ó yà sẹ́yìn ilé. Ẹni tó bá gbọ́n á ti mọ̀ pé nǹkan kan wà ńbẹ̀. Olúyẹmí ní tirẹ̀ rò pé ìkíni òun ló kéré. Ó gba ẹ̀gbẹ́ kejì ilé yọ sí i, ó tún dọ̀bálẹ̀. Ìyá yà sí ṣọ́ọ̀bù. Ó tẹ̀lé e. Àwọn tó ń ra búrẹ́dì rí ọkùnrin gíga kan tí ẹrẹ̀ bò láti àgbọ̀n dé orúnkún, tó nà sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fìríìjì, tó ń kí obìnrin tó ń wá ọ̀nà àtisá. Ìyá náà bọ́ síta, ó kọrí sétí òkun, Olúyẹmí ń bọ̀ lẹ́yìn, ó ń wí pé, "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ mà, ẹ kú ìrọ̀lẹ́." Ibẹ̀ ni Augustine ti fa ẹ̀wù rẹ̀ mú. Ó ní, "Ṣé o fẹ́ kí ọ̀nì gbé àna wa ni?"

Ìgbà náà ló tó ṣàlàyé. Lọ́dọ̀ tiwọn, ọkọ ọmọ kì í bá ìyá ìyàwó rẹ̀ sọ̀rọ̀, kì í wò ó lójú, kì í sì í dúró síbi tó bá wà. Ọ̀wọ̀ ńlá ni. Bí wọ́n bá ní nǹkan fún ara wọn, ẹlòmíì ló ń bá wọn gbé e.

Adéòkè ti fi orí ọmọ bo ẹnu, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n fún ẹ̀rín. Màmá ò rẹ́rìn-ín.

"Bí wọ́n ti ń ṣe nílé wa, èèwọ̀ ibòmíì ni," ló wí. "Ìyá náà wá ńkọ́? Ó ń bínú títí o fi kúrò?"

"Rárá, mà. Lọ́jọ́ tí mò ń bọ̀, ó fi ẹja yíyan rán ọmọ ẹ̀, ìyàwó Augustine, sí mi. Òun fúnra ẹ̀ dúró lọ́ọ̀ọ́kán, ó kẹ̀yìn sí wa títí bàlúù fi gbéra. Augustine ní ó wá sìn mí ni." Ohùn Olúyẹmí yí padà. "Mo ń wo ẹ̀yìn ẹ̀ lójú fèrèsé, mo wá rò ó pé ẹni tí mo dà láàmú káàkiri ìlú wá sìn mí, ẹni tó ń pọn ọmọ mi, mi ò dágbére fún un. Mo sunkún, Mọ́mì."

 Màmá ń fi ọwọ́ tẹ́ kóòtù rẹ̀ tí kò ká.

Wọ́n kanlẹ̀kùn, Gabriel wọlé nínú kóòtù tuntun. Kò wo ọ̀tún, kò wo òsì, ó nà tàntàn níwájú Màmá. "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, Mọ́mì mi àtàtà. Traffic Lake Shore Drive ni ò jẹ́ kí n tètè dé."

Màmá fa ìborùn bojú.

"Adéòkè, bá mi bi Gabriel léèrè bóyá wọn ò kọ́ ọ nílé. Ta ní ń kí àna báyìí?"

Gabriel gbójú sókè láti ilẹ̀. "Mọ́mì, kí ni mo ṣe?"

"Sọ fún un kó má wò mí." Màmá dìde, ó kẹ̀yìn sí àwọn ọkùnrin méjèèjì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú bọ́tìnnì kóòtù rẹ̀. "Kó máa padà sí Evanston. Kó bá mi kí Bùnmi. Ìwọ náà, sọ fún ọkọ ẹ pé ọbẹ̀ wà lórí sítóòfù."

Olúyẹmí la ẹnu kó dúpẹ́. Adéòkè yára gbé ọmọ lé e lọ́wọ́, ó sì fi ìka kan ètè rẹ̀.

"Ó ní ẹ ṣé, Mọ́mì," ni Adéòkè wí.

"Mo ti gbọ́. Sọ fún un pé bó bá tún ń rìnrìn àjò, kó kanlẹ̀kùn mi, kó wá kẹ̀yìn."