Òwú Inú Àpò Emmett Loughran

1

…tí bọ́ọ̀lù náà sì bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Bọ́ọ̀lù onígi ni, wọ́n fi igi gbá a sókè, ó ń rọra sọ̀ kalẹ̀ látòkè, èyí tí ìyá àgbà lè fi aṣọ ìdáná gbà. Emmett Loughran, tó ti ń ṣọ́ ẹ̀yìn pápá fún Kessler Falls láti ọdún mẹ́sàn-án, na ọwọ́ sí i. Afẹ́fẹ́ ló rí mú.

Bí ipò kìn-ín-ní ọdún 1897 ṣe bọ́ mọ́ gbogbo wa lọ́wọ́ nìyẹn. Ọ̀sẹ̀ kejì, Emmett ní òun ti fẹ̀yìn tì. Ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n.

Ṣé ẹ gbà á gbọ́? Mina ìyàwó ẹ̀ ò gbà á gbọ́. Èmi náà ò kọ́kọ́ gbà á gbọ́. Ẹ má sì bi mí bí àwọn ìwé yìí ṣe dọ́wọ́ mi.


2

LÁTI INÚ ÌWÉ ÌRÒYÌN ÌLÚ, OṢÙ KẸWÀÁ

A kò sọ pé ẹnikẹ́ni gba owó ta ìdíje. A kàn ń béèrè ni. Ọkùnrin tí bọ́ọ̀lù kì í bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀, kí ló dé tó jẹ́ ti ọjọ́ ìkẹyìn ló bọ́? Kí ló dé tó tún yára fi pápá sílẹ̀? Ẹni tó bá mọ ìdí ọ̀rọ̀, kó yọjú sí ọ́fíìsì wa.


3

Ọ̀gbẹ́ni Loughran,

Ìwé ìfẹ̀yìntì yín ti tẹ̀ wá lọ́wọ́. Ẹ rántí pé orúkọ yín ṣì wà nínú ìwé ẹgbẹ́ wa, ibẹ̀ náà ló sì máa wà. Ẹni tó bá fẹ̀yìn tì lọ́wọ́ wa, ilé ẹ̀ ló fẹ̀yìn tì sí. Kò gbọdọ̀ gbá bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ mìíràn títí ayé.

Wọ́n sọ fún wa pé gbogbo Ọjọ́bọ̀ lẹ ń wọ rélùwéè lọ sí Wyburn. Wyburn ní ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù. Àwa ò fura sí yín o. A kàn fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé a ti fi ẹnì kan sí ibùdókọ̀.

H. Pruett, alábòójútó ẹgbẹ́


~~4~~

(Mo ti fà á ya. Irọ́ ló wà nínú ẹ̀.)


5

Iṣẹ́ tí àwọn tó fi pápá sílẹ̀ ṣáájú Emmett ń ṣe. Zeller ló kà á fún Mina. Ẹ̀yìn ẹni tó ń fi igi gbá bọ́ọ̀lù ni Zeller máa ń lóṣòó sí, tó ń fọwọ́ gba bọ́ọ̀lù. Ìka mẹ́fà lára ìka ẹ̀ ni kò nà mọ́, àwọn náà ló sì fi ń kà á:

     ọtí títà
     ọtí títà
     ọlọ́pàá, tó ń bá àwọn tó ń ta ọtí mu ún
     irun gígẹ̀
     ìjókòó síwájú ilé, kí wọ́n máa ròyìn ohun tí wọ́n ṣe lọ́dún 1888
     rélùwéè

"Rélùwéè ló dáa jù," Zeller ní. "Àmọ́ wọn kì í gba gbogbo èèyàn."


6

Ohun tí Mina bá nínú àpò kóòtù ọkọ ẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì:

     tíkẹ́ẹ̀tì Wyburn, tí wọ́n ti lu ihò sí
     èérún búrẹ́dì
     òwú ìhunṣọ, pupa, ìdì kékeré kan
     òwú ìhunṣọ, àwọ̀ ewé
     òwú ìhunṣọ, àwọ̀ eérú

Emmett ò mọ bí wọ́n ṣe ń di abẹ́rẹ́ mú.


7

Obìnrin wo?


8

Ilé ìdáná. Oúnjẹ alẹ́ wà lórí tábìlì.

MINA: Ta ló ni òwú yìí?
EMMETT: Òwú wo?
MINA: Emmett, má fi mí ṣe ọmọdé.
EMMETT: Mo rí i nílẹ̀ ni.
MINA: O rí òwú oríṣi mẹ́ta nílẹ̀. Ṣé ẹyẹ ló já a sílẹ̀ fún ọ?
EMMETT: Jẹ́ kí n jẹun.
MINA: Kí lorúkọ ẹ̀?
EMMETT: Kò sí obìnrin kankan.
MINA: Bí kò bá sí obìnrin, a jẹ́ pé ẹgbẹ́ Wyburn ni. Bí kì í bá ṣe ẹgbẹ́ Wyburn, a jẹ́ pé òótọ́ ni ìwé ìròyìn ń sọ, o ta wá. Mú ọ̀kan níbẹ̀.

(Ó jẹ ọ̀dùnkún ẹ̀ tán. Kò mú ìkankan.)


9

Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń wé sìgá ni Mina ti ń ṣiṣẹ́, ní Tamsen, máìlì mẹ́ta sílé. Òun àti Tillie àbúrò ẹ̀ jọ máa ń wọ ọkọ̀ ojú irin aago méje ni, àwọn ọmọbìnrin ibi iṣẹ́ á kún inú ẹ̀. Láti oṣù kẹwàá, bí Mina bá ti wọlé, ọ̀rọ̀ á kú mọ́ wọn lẹ́nu.

"Ẹ má wò wọ́n, ẹ̀gbọ́n mi," Tillie á ní. "Ẹnu wọn ò ní ilẹ̀kùn."

Ṣùgbọ́n ojú ń ti Mina. Ohun tó sì dùn ún jù ni pé bí wọ́n bá bi í pé òótọ́ ni àbí irọ́, òun gan-an ò mọ ohun tó máa sọ.


10

Ọjọ́ Àbámẹ́ta kan, ó tètè dé láti ibi iṣẹ́. Ó gbọ́ ohùn nínú àhéré ẹ̀yìn ilé tí wọ́n ń kó igi ìdáná sí. Ó ní ọwọ́ òun ti tẹ̀ wọ́n lónìí. Ó ti ilẹ̀kùn wọlé, ó ti mú èébú tó máa bú obìnrin náà sẹ́nu.

Emmett nìkan ló wà níbẹ̀. Orí garawa ló jókòó lé, tí òwú kún itan ẹ̀, ó tó ogójì ìdì. Ó mú pupa kan, ó tò ó sáàárín àwọn àwọ̀ ewé. Ó wò ó dáadáa.

"Ó pé," ó sọ fún ara ẹ̀.

Mina na ọwọ́, ó yọ pupa náà kúrò láàárín àwọn àwọ̀ ewé.


11

Ohun tí Emmett sọ, bí Mina ṣe sọ ọ́ fún ẹni tó sọ ọ́ fún mi:

Pé kí Mina rántí bọ́ọ̀lù tí wọ́n jù bà á lẹ́yìn etí lóṣù kẹjọ, tó dìde, tó rẹ́rìn-ín, tí gbogbo pápá bá a rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà, ohun tó bá jìnnà, méjì ló ń rí. Pupa àti àwọ̀ ewé ti di ohun kan náà lójú ẹ̀.

Pé lọ́jọ́ ìkẹyìn yẹn, bọ́ọ̀lù méjì ló ń bọ̀ látòkè. "Mo mú ọ̀kan nínú wọn. Kì í ṣe òun."

Pé iṣẹ́ oníàsíá rélùwéè ni òun ń wá, ní oríta Tamsen, níbi tí ojú irin méjì ti pàdé: àsíá pupa ló ń dá ọkọ̀ dúró, àwọ̀ ewé ló ń jẹ́ kó kọjá. Òwú ni dókítà wọn fi ń dán ojú wò: kó gbogbo pupa wá, kó gbogbo àwọ̀ ewé wá. Bàbá kan tó ti ṣiṣẹ́ rélùwéè rí ló ń kọ́ òun ní Wyburn.


12

MINA: Sọ fún wọn pé ojú ni. Sọ fún Pruett, sọ fún ìwé ìròyìn. Orúkọ wa á mọ́.
EMMETT: Orúkọ á mọ́, ìkòkò á ṣófo. Rélùwéè náà ń ka ìwé ìròyìn.
MINA: Bó o bá wá gbé àsíá tí kò yẹ sókè ńkọ́?
EMMETT: Mo máa fi ọ̀bẹ gé igi àsíá pupa lára. Ọwọ́ mi á mọ̀ ọ́n.
MINA: Iná tó wà lórí òpó ọ̀nà kejì, tó o gbọ́dọ̀ wò kí o tó jẹ́ kí ọkọ̀ kọjá, òun náà ńkọ́? Ṣé wàá gùn ún lọ fọwọ́ kàn án?
EMMETT: (ó ń wé òwú mọ́ ìka)
MINA: Emmett.
EMMETT: Iṣẹ́ méjì ni mo mọ̀ láyé. Ọ̀kan ti lọ. Èkejì, mi ò tíì mọ̀ ọ́n.


13

Mina ràn án lọ́wọ́. Àánú ẹ̀ ṣe é. Ẹ̀yin ńkọ́, kí lẹ máa ṣe? Ọjọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, Mina á di òwú mú, Emmett á dárúkọ àwọ̀.

     Ìsinmi kìn-ín-ní:     mẹ́rin nínú mẹ́wàá
     Ìsinmi kejì:              méje nínú mẹ́wàá
     Ìsinmi kẹta:             mẹ́wàá nínú mẹ́wàá

Inú Mina dùn débi pé ó sunkún. Ó fẹnu ko ọkọ ẹ̀ lórí.

Ó gbé omi kaná. Ó dúró ti ààrò. Ó ronú.


14

Kò sẹ́ni tó mọ ojú kà bí Emmett nígbà tó wà lórí pápá. Ẹni tó fẹ́ ju bọ́ọ̀lù á kàn ṣẹ́jú, Emmett á ti mọ ibi tí bọ́ọ̀lù ń lọ. Ìdí tí wọ́n fi ń gbà á síṣẹ́ lọ́dọọdún nìyẹn.

Mina padà sídìí tábìlì. Ó ṣí ìwé ìròyìn, ó fi bo ojú ara ẹ̀, ó wá na òwú jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀.

     Mẹ́ta nínú mẹ́wàá.


15

Dókítà rélùwéè náà ní ojú tó ṣeé kà.


16

ÌWÉ ÀYẸ̀WÒ, OṢÙ KEJÌ, 1898
E. Loughran.
Eré tó ti ṣe rí: bọ́ọ̀lù onígi. Ó ti fẹ̀yìn tì.
Ìdí tó fi fẹ̀yìn tì: ó ní ó ti sú òun.
Àwọ̀: ó mọ gbogbo ẹ̀. Kò ṣi ìkankan.
Ìwà: ọmọlúàbí. Ó máa ń wo èèyàn lójú bó bá ń sọ̀rọ̀.
Iṣẹ́: oníàsíá, oríta Tamsen. Kó bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé, aago mẹ́fà àárọ̀.


17

EMMETT: Ṣé o fọkàn tán mi?
MINA: Jẹun, oúnjẹ ń tutù.


18

Ọjọ́ Ajé. Emmett ti jáde kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Mina wọ bàtà tó nípọn. Tíkẹ́ẹ̀tì ẹ̀ wà lápò. Ó gba ẹ̀gbẹ́ ojú irin, ó ń fẹsẹ̀ rìn lọ sí Tamsen nínú yìnyín.

Ó ti rin máìlì méjì kó tó gbọ́ ọkọ̀ aago méje lẹ́yìn. Ọkọ̀ náà máa ń dẹ ìrìn díẹ̀ níbi kọ́nà. Wọ́n ṣí fèrèsé.

"Ẹ wo ìyàwó oníàsíá," ẹnì kan ní. "Ó yẹ kí wọ́n máa gbé e lọ́fẹ̀ẹ́."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín dáadáa ni lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n ti fẹ́ máa dárí jì í. Tillie yọrí síta, imú ẹ̀ ti pọ́n nítorí òtútù.

"Ẹ̀gbọ́n mi, kí ló dé tí ẹ fi ń fẹsẹ̀ rìn? Ṣé mo ṣẹ̀ yín ni?"

Mina wo ojú àbúrò ẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan péré, Tillie á bọ́ sílẹ̀.

"Mo kàn fẹ́ na ẹsẹ̀ ni," ó ní.

Tillie juwọ́ sí i. Ọkọ̀ náà yí kọ́nà, ó tún eré mú. Mina ká aṣọ ẹ̀ sókè, ó bẹ̀rẹ̀ sí sáré tọ ọkọ̀ náà lọ sí oríta.