Àádọ́rin Péré Ni Ẹ̀ṣọ́

Ọ̀rọ̀ ìwé yìí ti sú Morẹ́nikẹ́ pátápátá. Àádọ́rin péré ni Ẹ̀ṣọ́, àwọn akọni tí Aláàfin ń gbójú lé bí ogun bá le. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ti gbọ́ pé òun, olùkọ́ ìtàn ní Bódìjà, ń kọ ìwé nípa àwọn Ẹ̀ṣọ́, kò sí ẹni tí baba ńlá rẹ̀ kì í ṣe Ẹ̀ṣọ́ mọ́. Bàbá Ìjọ Ayẹni nìkan mú orúkọ mẹ́ta wá. Bí èèyàn bá gbà fún gbogbo wọn, ta ló wá kù tó ń roko ní Ọ̀yọ́?

Àwọn yẹn rọrùn láti lé. Bàbá rẹ̀ gan-an ni kò ṣeé lé. Bàbá Ògúnlẹ́yẹ, ọ̀gá ilé ìwé tẹ́lẹ̀, ti pé ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin, ohun kan ṣoṣo tí wọ́n sì ń fẹ́ kí wọ́n tó kú ni kí orúkọ bàbá wọn àgbà, Ikúbọlájẹ́, wọ inú ìwé náà. Morẹ́nikẹ́ ti ṣàlàyé títí ẹnu rẹ̀ fi gbẹ pé ogun Kírìjì ni Ikúbọlájẹ́ jà, Ọ̀yọ́ Ilé sì ti tú kí wọ́n tó bí i. Bàbá ní àjogúnbá ni oyè Ẹ̀ṣọ́.

Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀, Sàlàkọ́ atẹ̀wé pè láti Dùgbẹ̀ pé ìwé náà nìkan ni ẹ̀rọ òun ń dúró dè. Bàbá jókòó ti Morẹ́nikẹ́, wọn ò gbéra.

"Ẹ̀rí dà, Bàbá?" Inú ti ń bí i.

"Ojú mi ni ẹ̀rí. Èmi ni mo máa ń fọ ẹ̀yìn fún Bàbá àgbà nígbà tí wọ́n darúgbó. Àpá ọta ìbọn wà níbẹ̀, ó tó àtẹ́lẹwọ́ mi."

Morẹ́nikẹ́ yí kọ̀ǹpútà sí wọn, ó fi ìka sí ìlà àkọ́kọ́ ìwé náà. Bàbá kà á sókè bí ẹni ń ka Bíbélì fún ìjọ: "Ẹ̀ṣọ́ kì í gba ọfà lẹ́yìn, àfi bí ó bá gbọgbẹ́ níwájú gangan."

"Ọfà nìyẹn," ni Bàbá wí. "Ìbọn ni ti Bàbá àgbà."

Ọ̀rọ̀ náà tán Morẹ́nikẹ́ ní sùúrù, síbẹ̀ àánú wọn ṣe é. Ó nawọ́ láti tẹ orúkọ náà sí i, kí oníkálukú lè sinmi.

Bàbá di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Má kọ ọ́. Bàbá àgbà máa ń ní kí n rọra fọ ojú àpá yẹn, kí n má sì sọ fún ẹnikẹ́ni." Wọ́n gbójú kúrò lára kọ̀ǹpútà. "Láti ìgbà náà wá, mo ṣe bí ìrẹ̀lẹ̀ ni."