Gírámà Ọ̀gá Bámidélé

"Mo ní kó o túmọ̀ ohun tí mo sọ! Ta ló ní kó o máa bi mí ní ìtumọ̀?"

Ohùn ọ̀gá Bámidélé, máníjà ilé iṣẹ́ tó ń hun àpò ìrẹsì lẹ́yìn Ọ̀fà Garage, gba gbogbo ilé kan. Abọ́sẹ̀dé ò mira. Bratislava, ní Czechoslovakia, ló ti kàwé; ibẹ̀ ló ti gbọ́ èdè Slóvákì. Nígbà tó dé, ó jókòó sílé títí kó tó rí iṣẹ́ akọ̀wé yìí.

"Ẹ má bínú, sà. Mi ò lè fi èdè Slóvákì sọ ohun tí n kò mọ̀. Kí ni 'peripheral accessories' yẹn? Ẹsẹ̀ ẹ̀rọ ni àbí orí ẹ̀?"

Ẹnìkan rẹ́rìn-ín láàárín àwọn òṣìṣẹ́. Ẹ̀rín náà kú kíá.

Níwájú wọn ni ẹ̀rọ tó gé ìka Hadiza, ọ̀kan lára àwọn òṣìṣẹ́, lọ́sẹ̀ tó kọjá wà. Irin ìbòrí tó ń dáàbò bo ọwọ́ ti wà lára rẹ̀ báyìí, ó ń dán; àárọ̀ yìí ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dè é padà. Ṣáájú kó tó gé Hadiza, máníjà ló ti ní kí wọ́n tú u, pé ó ń fa iṣẹ́ sẹ́yìn. Kò sí òṣìṣẹ́ tí kò mọ̀. Ondrej, ẹnjiníà tí wọ́n rán wá láti Czechoslovakia láti wádìí ọ̀rọ̀ náà kí ẹ̀rọ tó tún ṣiṣẹ́, nìkan ni kò mọ̀. Òyìnbó ni, ṣùgbọ́n kò gbọ́ gẹ̀ẹ́sì. Bó bá gbà pé Hadiza ni kò fiyè sílẹ̀, yóò tan ẹ̀rọ náà. Kò ní pẹ́ tó bá lọ tí wọn yóò tún tú ìbòrí. Binta, àbúrò Hadiza, ni yóò sì jókòó sí i. Ó ti dúró síbẹ̀, ó ká ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ híjáàbù.

Máníjà tún táì rẹ̀ ṣe. "Due to the exigencies of production, certain peripheral accessories were discontinued by my executive directive, whereupon the operative inadvertently interposed her digits."

Àwọn òṣìṣẹ́ mi orí. Bí gírámà bá ṣe gùn tó ni wọ́n ṣe ń bọ̀wọ̀ fún un tó.

"Bí mo ṣe wí i gẹ́lẹ́ ni kó o sọ ọ́. Bó o bá fi kún un, tàbí o yọ níbẹ̀, iṣẹ́ ẹ ti bọ́."

Abọ́sẹ̀dé bó ọ̀rọ̀ náà lọ́kàn bí ẹni ń bó iṣu. Nígbà tí èèpo tán, ó kù díẹ̀ kó pariwo. Ọkùnrin yìí ti jẹ́wọ́ tán lójú gbogbo ayé! Ó rò pé kò sẹ́ni tó gbọ́ ni.

Kò ní fi kún un. Kò sì ní yọ kúrò, àfi èèpo.

"Prikázal dať dolu kryt," ó wí fún Ondrej. "Stroj odrezal Hadize prsty."

Ìyẹn ni pé, ó pàṣẹ kí wọ́n tú ìbòrí. Ẹ̀rọ gé ìka Hadiza.

Máníjà wò ó. "Gbogbo ẹ̀ nìyẹn?"

"Gbogbo ẹ̀ ni, sà. Èdè wọn kì í jẹ ọ̀rọ̀ púpọ̀."

Ondrej bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó fi àtàǹpàkò nu gírísì tútù tó wà lórí nọ́ọ̀tì ìbòrí náà, ó wò ó, ó wo Binta. Ó dìde, ó dojú kọ máníjà, ó sì sọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́.

"Kí ló wí?" Máníjà ti ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

Abọ́sẹ̀dé gbé ohùn sókè, kí àwọn tó wà lẹ́nu ọ̀nà lè gbọ́.

"Ó ní òun á tan án, sà. Ṣùgbọ́n kí wọ́n kọ́kọ́ tú ìbòrí yẹn, kí ẹ̀yin gan-an jókòó sí i, kẹ́ ẹ ki ọwọ́ yín bọ̀ ọ́."